Irin Tó Ń Kọrin: Alẹ́ Kan àti Ìtàn Orin Rọ́ọ̀kì Nílùú Èkó

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, bàbá mi wọ búbá àti ṣòkòtò tó máa ń wọ lọ sípàdé àwọn onílé, ó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó sì tẹ̀lé èmi àti bọ̀ọ̀dá mi jáde nílé wa ní Raji Rasaki Estate. Orin rọ́ọ̀kì la fẹ́ lọ gbọ́. Ẹni tó bá mọ bàbá mi yóò mọ̀ pé ohun ìyanu gbáà ni èyí. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ló ti gbé gìtá bọ̀ọ̀dá mi sínú àpótí aṣọ, tó tì í pa, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò.

Bàbá mi ní ìdí tirẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò Ìṣirò, ojoojúmọ́ ló sì ń ta gìtá náà láti ìgbà tó bá ti ilé ìwé dé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ìdánwò nìkan kọ́ ni bàbá mi fi bínú. Ó ní orin tí ọmọ òun ń ta kì í ṣe orin ọmọlúàbí, ó ní ariwo lásán ni, ó ní kì í ṣe orin wa. Ó ní òyìnbó tí orí rẹ̀ dàrú ló ń kọ irú rẹ̀, kí la wá fẹ́ fi ṣe níbí?

Bàbá àgbà mi ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ èbúté ní Àpápá ni wọ́n sì ṣe nígbà èwe wọn. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹjọ́ náà tán, wọ́n ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé kì í ṣe orin wa? Ṣé o ti bi mí léèrè rí?" Bàbá mi dákẹ́. Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Mo bi Bàbá àgbà, mo kàwé, mo sì gbọ́ àwọn àwo àtijọ́. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa. Orúkọ Ọ̀gágun Raji Rasaki, tó jẹ́ gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1988 sí 1991, ni wọ́n fi sọ àdúgbò wa. Ìjọba ìbílẹ̀ Amúwó-Ọ̀dọ̀fin la wà. Bí a bá jáde sí òpópónà Àpápá sí Òṣòdì, ọkọ̀ àjàgbé tó ń ti èbúté bọ̀ la máa kọ́kọ́ rí. Bí a bá dé Mile 2 tí a yà sọ́nà Àgbádárìgì, Festac Town wà níbẹ̀. Bí a bá tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà kan náà, a ó dé Àgbádárìgì, a ó dé ẹnubodè Sèmè, a ó sì gba Kútọnu kọjá sí Lomé. Kí ẹ̀yin òǹkàwé mi fi ọ̀nà yìí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ìtàn mi yóò máa rìn.

Níbo ni orin rọ́ọ̀kì ti wá? Lára àwọn èbúté tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú lọ sí òkè òkun ni Àgbádárìgì wà. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n mú ẹrù lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gba orin lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ nínú ikùn. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà kọrin nínú oko òwú àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti inú orin ìbànújẹ́ tí wọ́n ń pè ní blues àti orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì ni rọ́ọ̀kì ti jáde. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Sister Rosetta Tharpe, ti ń fi gìtá oníná kọrin ìyìn kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ayé mọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì tó mú gìtá lọ́wọ́. Chuck Berry, aláwọ̀ dúdú ni òun náà. Àwo irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ tí ara wọn kò fi gbélẹ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ni Tony Iommi, ará ìlú Birmingham. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe irin pẹlẹbẹ ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 17 ni, ọjọ́ tó yẹ kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ẹ̀rọ gé orí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ méjì. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà àwọn ìka tó fi ń tẹ okùn gìtá gan-an ló bàjẹ́. Ó rò pé ó ti parí fún òun. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló gbé àwo Django Reinhardt wá fún un, ìyẹn ògbóǹtarìgì olùtagìtá tí iná ti ba ìka méjì jẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Tony yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi ṣe ìbòrí sí orí ìka rẹ̀. Ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, nígbà tó sì yá, ó dẹ àwọn okùn náà kí wọ́n má baà le jù fún un. Bí okùn ṣe dẹ̀ ni ohùn gìtá náà wálẹ̀ tó sì wúwo. Ní 1970, ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ibẹ̀ ni orin tí wọ́n ń pè ní heavy metal, orin irin wúwo, ti bẹ̀rẹ̀.

Ariwo tí bàbá mi ń sọ ńkọ́? Òun náà ní ìtumọ̀. Ampilifáyà ni ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Bí ohùn tó wọ inú rẹ̀ bá ju èyí tó lè gbé lọ, ohùn náà á fàya, á máa kùn bí oyin. Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ kà á sí àbùkù, kí wọ́n tó rí i pé adùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyáàlù dùndún dáadáa. Kí ni iṣẹ́ ṣaworo tí wọ́n so mọ́ etí rẹ̀? Kí ó lè máa dún ṣìnrìnṣìnrìn lábẹ́ ohùn ìlù náà ni. Ohùn tó ní ìhó nínú kò ṣàjèjì sí wa. Agogo tí a ń lù, irin ni. Ẹni tó bá sì ti dúró ti àwọn onílù bàtá rí nígbà tí ara wọn bá gbóná kò ní sọ pé òyìnbó ló kọ́kọ́ fi ariwo ṣe orin.

Ní Èkó níbí, ọjọ́ ti pẹ́ tí gìtá ti di tiwa. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn olórin jùjú bíi Túndé King ti ń lo àwọn ohun èlò olókùn tó wá láti òkè òkun, Ebenezer Obey àti Sunny Adé sì sọ gìtá oníná di ohun tí a kò lè ṣe àríyá láìsí i. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Geraldo Pino, ará Sierra Leone, dé sí Èkó pẹ̀lú ohun èlò orin ìgbàlódé tó mú kí Fẹlá fúnra rẹ̀ ronú lórí orin tirẹ̀. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó parí ní 1970. Àwọn ọ̀dọ́ tó la ogun náà já fẹ́ orin tó le bí ohun tí ojú wọn rí. Ní ìlà oòrùn, ẹgbẹ́ bíi The Funkees dìde ní ìlú Aba. Ní ọdún tí ogun parí gan-an ni James Brown wá ṣeré ní Nàìjíríà.

Lẹ́yìn náà ni Ginger Baker dé. Òun ló ń lu ìlù fún Cream, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó gbajúmọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1971, ó fi ọkọ̀ Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà nítorí pé ó fẹ́ mọ̀ nípa ìlù wa. Ó bá Fẹlá ṣe àwo, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà. Ẹ rò ó wò: ọ̀gá onílù rọ́ọ̀kì la aṣálẹ̀ kọjá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onílù wa.

Àwọn ọmọ tiwa náà kò káwọ́ gbera. Berkley Jones, Láolú Akins àti Mike Odùmósù dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti ara orúkọ wọn fi ṣe BLO. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973. Joni Haastrup, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Iléṣà, dá Monomono sílẹ̀. Àwọn tó wú mi lórí jù ni Ofege, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ni wọ́n. Ilé ìwé St. Gregory's College ní Obalende ni wọ́n ń lọ nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1973, EMI gbé àwo wọn tó ń jẹ́ Try and Love jáde. Ọmọ ilé ìwé girama, tí ìdánwò ń dúró dè, tí ohùn gìtá wọn sì ń jáde lórí rédíò!

Ní ọdún kan náà, Paul McCartney, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, kó ìyàwó rẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó láti wá ṣe àwo Band on the Run. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Wharf Road, Àpápá, ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn olè dá a lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì gba téèpù tó ka orin sí lọ́wọ́ rẹ̀. Fẹlá tún gbà pé ńṣe ló wá jí orin ilẹ̀ Áfíríkà gbé. McCartney ní láti fi orin rẹ̀ hàn án kó lè gbà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń ba Fẹlá pé òyìnbó ń jí orin wa. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń bínú pé à ń kọ orin òyìnbó. Orin kan náà ni àwọn méjèèjì ń jà lé lórí, ó kàn jẹ́ pé ó ti rìnrìn àjò lọ, ó sì ti rìnrìn àjò bọ̀ ni.

Bàbá àgbà ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá ní gbogbo àkókò yẹn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé McCartney wà nítòsí. Ohun tí wọ́n rántí ni alẹ́ kan ní 1974. Wọ́n fi owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ra bàtà gogoro, wọ́n wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà tó ń gbálẹ̀, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn méjì sì lọ gbọ́ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan tí wọn kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ta gìtá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé òrùlé fẹ́ ṣí. Àyà mi ń lu bí ìlù. Mo dàgbà lọ́jọ́ yẹn." Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà sílé, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn lọ́nà. Bàbá wọn nà wọ́n, bí wọ́n ṣe ń gbowó oṣù tó nì. Bàbá mi kò gbọ́ ìtàn yìí rí àfi ọjọ́ tí mo bi wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni FESTAC '77 dé, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 ló kópa. Nítorí àwọn àlejò náà ni wọ́n ṣe kọ́ Festac Town, ibi tí èmi àti bọ̀ọ̀dá mi ti ń ra súyà lónìí. Miriam Makeba wá, Sun Ra wá láti Amẹ́ríkà, Gilberto Gil wá láti Brazil, Stevie Wonder náà wá. Ṣùgbọ́n Fẹlá kọ̀ láti kópa, ó ní ìwà jẹgúdújẹrá ti wọ inú ètò náà. Ilé ijó rẹ̀, Shrine, ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ lóru láti gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, àwọn sójà ya bo ilé rẹ̀, wọ́n sun ún níná, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, látojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kejì ìkọlù náà, wọ́n ń fún Stevie Wonder ní ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà, Èkó ló sì wà tó ń dá wọn lóhùn láti orí sátẹ́láìtì. Ayé gbọ́ orin láti Èkó, ṣùgbọ́n ẹkún wà ní Èkó pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn orin wa kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ mú èkejì.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, gìtá àti ampilifáyà láti òkè òkun di ọ̀wọ́n, ẹ̀rọ dídì tó ń fúnra rẹ̀ lu ìlù sì gba ipò àwọn onílù. Àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa tú ká díẹ̀díẹ̀, títí àwọn ọmọ wọn fi gbàgbé. Àwọn àjèjì ló tún wá kó àwo BLO àti Ofege jáde lẹ́yìn ọdún 2000. Ṣùgbọ́n orin náà kò kú ní Áfíríkà. Ní Botswana, àwọn olólùfẹ́ heavy metal máa ń wọ aṣọ aláwọ láti òkè délẹ̀ bí àwọn darandaran inú fíìmù Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ bíi Wrust, Skinflint àti Overthrust. Ní Lomé, ní ìparí ọ̀nà tó gba iwájú Festac kọjá, ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor ń da ìlù àti èdè Ewe pọ̀ mọ́ gìtá wúwo. Mo jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ ọ̀kan nínú orin wọn. Ó tẹ́tí, ó ní, "Agogo nìyẹn." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì." Bàbá àgbà wá sọ fún un pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kó lọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kó tó dájọ́.

Bí a ṣe jáde lálẹ́ ọjọ́ Sátidé náà nìyẹn. Orúnkún Bàbá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ lé wa. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí gbọ̀ngàn kékeré kan ní Festac. Kò ju ọgọ́ta ènìyàn lọ níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì wọ aṣọ dúdú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin kan ló ń ṣeré, ọmọbìnrin náà ló ń lu ìlù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn gìtá náà gba àyà mi wọlé kó tó dé etí mi. Bọ̀ọ̀dá mi ń mi orí bí aláǹgbá. Bàbá mi jókòó lẹ́yìn, ó fi ìka di etí.

A kò tíì gbọ́ orin mẹ́rin tí iná lọ. Gìtá dákẹ́, òkùnkùn ṣú, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò dáhùn. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń lu ìlù kò dúró. Ó ń lu ìlù náà lọ nínú òkùnkùn, àwọn ènìyàn sì ń fi àtẹ́wọ́ gbè é. Ẹnìkan rí irin kan, ó ń fi lu ìgò, kó-kó-kó, bí agogo. Ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ kan tàn láti ẹ̀yìn sí ojú agbo. Bàbá mi ló tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó dìde, ó gbé e sókè kí onílù náà lè ríran, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lu ilẹ̀ láìsí pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná dé, tí gìtá tún bú, kò fi ìka di etí mọ́.

Kò sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀. Ní ẹnu géètì àdúgbò wa ló tó sọ fún bọ̀ọ̀dá mi pé: "Ìṣirò lákọ̀ọ́kọ́. Tí o bá ti ṣe é tán, o lè ta á títí di aago méje. Tó bá kọjá aago méje, èmi àti ìwọ ni." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó nà án sí i. Bọ̀ọ̀dá mi dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, lórí kọ̀ǹkéré.

Nígbà tí a wọlé, Bàbá àgbà kò tíì sùn. Wọ́n bi bàbá mi pé, "Ṣé etí rẹ ń hó?" Bàbá mi ní ó ń hó gan-an. Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Tèmi hó fún ọjọ́ méjì."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: kí á tó sọ pé nǹkan kì í ṣe tiwa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi àwọn àgbà tó wà nínú ilé léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àjèjì ti gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá rí.